Ìrora Ìsàlẹ̀ Ikùn tí Kì í Lọ Tán: Ìrírí Mi Nípa Ìtọ́jú Osteopathy

Ìrora tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe inú rírun tí ó máa ń bá obìnrin fínra fún ọjọ́ mélòó kan nígbà nǹkan oṣù, tí yóò sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ìrora ìsàlẹ̀ ikùn ni, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ìdodo, tí ó gba ojú ara kọjá, tí ó sì dé eegun ìdí lẹ́yìn. A máa rọlẹ̀, a máa tún le, ṣùgbọ́n kì í lọ tán. Bí irú rẹ̀ bá ti lo oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ènìyàn, àwọn oníṣègùn a máa kà á sí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Tèmi lo ọ̀pọ̀ ọdún. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀fà, mo sì ń kọ ìrírí yìí sílẹ̀ nítorí pé àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi a máa fà mí sí kọ̀rọ̀ láti bi mí pé kí ni mo lò, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé sọ tán lórí ìdúró. Ohun tí mo lò kì í ṣe oògùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi tọ́jú mi, ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní osteopathy, ohun tí ọwọ́ náà sì bá lára mi ni ohun tí àwòrán àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè fi hàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí àbígbẹ̀yìn mi ni ó bẹ̀rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà jinná, kò sì kẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìsàlẹ̀ ikùn mi kò ti bára dé mọ́. Ìjókòó ni ó máa ń ru ìrora náà sókè jù lọ. Nígbà ìdánwò ìparí sáà, tí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kún orí tábìlì, n kò lè jókòó pẹ́ kí ìdí òsì mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, tí títa náà yóò sì gba itan wálẹ̀. Bí mo bá wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, kí ọkọ̀ tó dé Ajàṣẹ́-Ìpo ni n ó ti máa gbé ìdí kan sókè kúrò lórí àga, tí n ó sì máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìtọ̀ a máa gbọ̀n mí lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ bí mo bá dé ilé ìyàgbẹ́, díẹ̀ ni yóò jáde. Àjọṣe èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi di ohun tí mo ń sá fún, n kò sì rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn tí kò ní dà bí ẹni pé mo kọ̀ wọ́n. Ìjókòó àtáyà nínú ìrun gan-an di ìnira fún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá forí kanlẹ̀, ara a máa tù mí fún ìwọ̀nba àkókò tí mo bá fi wà níbẹ̀. Mo gbà á bí àánú Ọlọ́run. Àánú náà ni lóòótọ́, ó sì ní ìdí nínú ara, gẹ́gẹ́ bí n ó ṣe sọ níwájú.

Oríṣiríṣi orúkọ ni àwọn ènìyàn sọ ìrora yìí. Àwọn kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n sì bá mi ra àgbo rẹ̀ ní ọjà Ọ̀wọ̀dé. Ẹnì kan tẹ̀ síwájú láti sọ pé àtọ̀sí ni, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí wọnú eegun nítorí ohun tí ó ń sọ nípa ìwà obìnrin tí ó wà nílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má dákẹ́, nítorí ọwọ́ ayé lè wà níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n kọ oògùn apakòkòrò fún mi léraléra láìjẹ́ pé àyẹ̀wò fi kòkòrò kankan hàn. Nígbà tí ìrora náà kò sì lọ, wọ́n ní ìrònú ni. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé àìsùn àti àníyàn a máa fi kún ìrora, nítorí náà n kò ní sọ pé irọ́ pátápátá ni wọ́n pa. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n pa ìwádìí tì sí. Obìnrin tí wọ́n bá sọ fún pé inú orí rẹ̀ ni ìrora wà kì í tètè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn mọ́.

Dókítà obìnrin kan ní Ìlọrin ni ó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ó jẹ́ kí ó yé mi pé ọ̀nà tí irú ìrora bẹ́ẹ̀ lè gbà wá pọ̀, àti pé ó lè ju ẹyọ kan lọ lára ẹnì kan náà. Ó lè jẹ́ endometriosis, níbi tí ẹran ara tí ó jọ awọ inú ilé ọmọ ti ń hù sí ìta ilé ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ni ó ní i, bẹ́ẹ̀ ni scan ikùn lè má fi í hàn. Ó lè jẹ́ kókó inú ilé ọmọ, ó lè jẹ́ àkóràn tí ó ti ba ọ̀nà ẹyin jẹ́, ó lè wá láti àpò ìtọ̀ tàbí láti ìfun, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ẹran inú lẹ̀ mọ́ ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún mi rí. Ó fi ìka kan tẹ ojú ibi kan nítòsí àpá iṣẹ́ abẹ mi, kò sì gbé ìka náà kúrò. Ó wá ní kí n gbé orí àti èjìká mi sókè kúrò lórí ibùsùn láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Bí mo ṣe gbé e ni ìrora náà le sí i. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ni ó ti ń wá, bí iṣan ikùn ṣe le yẹn ì bá dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìka òun. Bí ó ṣe wá le sí i yìí, ara ògiri ikùn fúnra rẹ̀ ni òun fura sí. Ó tún yẹ àwọn iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí wò, ó sì bá wọn ní líle, tí fífi ọwọ́ kàn wọ́n ń ru gbogbo ìrora tí mo mọ̀ sókè. Òun ni ó darí mi sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ físíò kan, ẹni tí ó ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, tí ó ti kọ́ osteopathy kún iṣẹ́ rẹ̀ ní òkè òkun.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbọ́ ọ rí ní agbègbè wa. Andrew Taylor Still, dókítà ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1828, ni ó dá a sílẹ̀. Ní 1864, àrùn yírùnyírùn pa mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ilé rẹ̀, oògùn ìgbà náà kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ọdún 1874 ni ó kéde ọ̀nà ìtọ́jú tirẹ̀, ní 1892 ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Kirksville ní ìpínlẹ̀ Missouri. Èrò rẹ̀ ni pé bí eegun, oríkèé àti iṣan bá ṣe tò ni ara ṣe ń ṣiṣẹ́, àti pé ara ní agbára láti wo ara rẹ̀ sàn bí ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ bá kúrò lọ́nà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó sọ nígbà náà ni ìmọ̀ ìṣègùn òde òní gbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fi lélẹ̀ ti gbilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹni tí ó bá gba oyè náà jẹ́ dókítà kíkún tí ó lè kọ oògùn, tí ó sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni, kì í ṣe ti dókítà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1993 sì ni ó ń ṣàkóso ẹni tí ó lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, wọn kò wọ́pọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ físíò tí wọ́n kọ́ ọ mọ́ iṣẹ́ wọn ni ènìyàn ti lè rí ìtọ́jú tí ó sún mọ́ ọn, ìgbìmọ̀ ìjọba kan sì wà tí ó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ físíò sílẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn béèrè ìwé ẹ̀rí kí ó tó bọ́ aṣọ.

Mo mọ̀ pé bí a bá ti gbọ́ eegun àti ọwọ́, àwọn atò-eegun wa ni yóò kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí ó kán ní agbègbè Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ni wọ́n ti tò. Ṣùgbọ́n eegun tí ó kán ni wọ́n mọ̀ ọ́n tò. Iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí obìnrin kì í ṣe ibi tí a ń fi agbára fà tàbí tí a ń fi òrí gbígbóná wọ́ títí yóò fi ro ni.

Ẹni tí wọ́n darí mi sí jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà, ó kéré sí mi ní ọjọ́ orí, ó sì ń fi "mà" kún gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àkókò ìpàdé wa àkọ́kọ́ ni ó fi bi mí ní ìbéèrè, kò sì tí ì fọwọ́ kàn mí. Ó bi mí nípa ìbímọ kọ̀ọ̀kan, nípa ìṣubú tí mo ti ṣubú rí, nípa ìgbẹ́ àti ìtọ̀, nípa bí mo ṣe ń jókòó ní kíláàsì, àti nípa ohun tí mo ti rò pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láyé. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n dúró, kí n tẹ̀ síwájú, kí n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo ń gbé gbogbo ara lé. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ìsàlẹ̀ egungun ìhà mi, kò sì ṣe ju pé kí ó máa tẹ̀ lé èémí mi lọ. Àyà nìkan ni mo fi ń mí. Ikùn mi kò yẹ̀ nílẹ̀.

Ó wá sọ fún mi pé, "Ẹ di ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún yín, mà, kí ẹ má tú u títí n ó fi ní ó tó." Ó sì ń bá ìbéèrè rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń ro mí, tí ìka mi ń gbọ̀n, tí ọwọ́ náà sì ń ro mí dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí ó ní kí n tú u, ìka náà kò tètè là. Ó ní, "Ohun tí àwọn iṣan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìbàdí yín ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn, mà. Wọn kì í sinmi, ẹ̀yin náà kò sì mọ̀ pé ẹ dì wọ́n." N kò rí ẹni tí ó ṣàlàyé ìrora mi bẹ́ẹ̀ rí, mo sì sunkún níbẹ̀.

Àwọn iṣan náà ni ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀ ìbàdí, láti eegun iwájú dé eegun ìdí lẹ́yìn, àwọn ni ó gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ìsàlẹ̀ ró. Nígbà tí a bá mí sínú, iṣan ńlá tí ó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró a máa rọ̀ wálẹ̀, àwọn iṣan ìsàlẹ̀ yìí náà yóò sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bí a bá mí síta, àwọn méjèèjì yóò padà sókè. Ẹni tí ó bá ń fi àyà nìkan mí kì í fún wọn láyè láti rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí ó bá wọn pààlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú ìbàdí so mọ́ eegun itan, ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ìrora ìsàlẹ̀ ikùn lè máa ta sí itan àti ìdí. Bí a bá sì forí kanlẹ̀, tí orúnkún tẹ̀, tí itan sì sún mọ́ ikùn, àwọn iṣan wọ̀nyí a máa rí àyè nà, wọn a sì dẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ara fi ń tù mí lórí ẹní ìrun.

Ìtọ́jú náà rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó fi ìka sí àpá iṣẹ́ abẹ mi, ó ń sún awọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí òkè, sí ìsàlẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́, ibi tí kò bá sì yẹ̀ ni yóò dúró sí títí yóò fi yọ̀ǹda. Ó gbé orúnkún mi, ó ní kí n fi ìwọ̀nba agbára tì í sí ọwọ́ òun bí òun ṣe ń dá a dúró, kí n ka ení dé àrún, kí n wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìjọ̀wọ́ náà, oríkèé ìbàdí a máa lọ síwájú ju bí ó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ní ti àyẹ̀wò inú ojú ara, ìpàdé mìíràn ni ó tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tí yóò ṣe àti ìdí rẹ̀, ó ní mo lè kọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ìtọ́jú dúró, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí obìnrin mìíràn wà nínú yàrá, ó wọ ìbọ̀wọ́, ìka kan ṣoṣo ni ó lò, ó sì ní bí mo bá ti gbé ọwọ́ sókè, òun yóò dáwọ́ dúró. Mo gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin tí ó bá ń ka èyí fi ọkàn sí ibẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe irú àyẹ̀wò yìí láìgba àṣẹ, tàbí tí ó ní dandan ni, ẹ dìde kí ẹ wọ aṣọ yín.

Ohun kan wà tí ó ya èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Gbogbo àwọn tí wọ́n ti ń gbà mí nímọ̀ràn ni wọ́n ní kí n máa fún ojú ara pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń dá ìtọ̀ dúró, pé ìdárayá ni. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, ni ó kọ̀wé nípa ìdárayá náà ní 1948, ó sì wúlò gidigidi fún obìnrin tí iṣan ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀ jù, tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ bí ó bá sín tàbí bí ó bá wúkọ́. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó ti le tẹ́lẹ̀ kò nílò kí a tún fún un pọ̀; ńṣe ni ìrora rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Jíjọ̀wọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tí wọ́n fún mi lọ sílé ni kí n dùbúlẹ̀, kí n tẹ orúnkún, kí n gbé ọwọ́ kan lé ikùn, kí n mí títí ikùn yóò fi gbé ọwọ́ náà sókè, kí n sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ dẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ tọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àṣùbáà ni mo fi ṣe àkókò rẹ̀, nítorí ilé a máa dákẹ́ nígbà náà. Wọ́n tún ní kí n máa dìde kúrò lórí àga kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀, kí n má dúró de ìgbà tí yóò bá bẹ̀rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ó fi rọlẹ̀. Ìtọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe déédéé, lẹ́yìn náà ìjókòó inú ọkọ̀. Àjọṣe èmi àti ọkọ mi ni ó pẹ́ jù lọ, ohun tí ó sì ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n bá mi lọ sí ìpàdé kan, wọ́n sì gbọ́ àlàyé náà láti ẹnu ẹlòmíràn. Ìrora náà kò tíì parí. Bí nǹkan oṣù bá sún mọ́, tàbí bí àkókò máàkì bá dé, ó ń fara hàn, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Ìrora tí ó bá ti pẹ́ lára a máa kọ́ àwọn iṣan ìmọ̀lára láti tètè figbe ta, kódà nígbà tí ohun tí ó kàn wọ́n kò tó nǹkan, ìyẹn kì í sì í kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń polówó ìwòsàn àdììtú. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí osteopathy fún ìrora ìsàlẹ̀ ikùn kò tíì pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì kéré. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ran gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Kì í yọ kókó inú ilé ọmọ, kì í pa kòkòrò, kì í sì í mú endometriosis kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dín líle iṣan tí endometriosis fà kù. Ẹni tí ó bá ṣèlérí pé òun yóò fi ọwọ́ ṣe gbogbo ìyẹn, owó yín ni ó ń wá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró nítorí ọjọ́ orí, bí ara bá ń gbóná, bí ènìyàn bá ń rù láìmọ ìdí, bí ikùn bá ń wú, bí ìrora òjijì bá mú obìnrin tí ó lè ti lóyún, tàbí bí ibi tí a fi ń jókòó bá kú tipiri tí ìtọ̀ kò sì ṣeé dá dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ sáré lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́.

Àwọn ọkùnrin náà ní ìrora yìí. Oníṣẹ́ físíò náà sọ fún mi pé wọ́n ń wá sí ọ̀dọ̀ òun, pé ìrora ti ń mú wọn láàárín ìdí àti nǹkan ọkùnrin, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fún ní oògùn àtọ̀sí títí láìsí àtọ̀sí lára wọn. Ìtìjú wọn ju tiwa lọ, wọn kì í sì í ní ẹlẹgbẹ́ tí yóò fà wọ́n sí kọ̀rọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ bá a wá dókítà tí yóò ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ tán. Bí wọn kò bá sì rí nǹkan kan, kí ó béèrè pé kí wọ́n yẹ àwọn iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí òun wò, kí wọ́n sì kọ ìwé fún òun lọ sí ẹ̀ka físíò.